Wákàtí Mélòó Ni Bátìrì Ńlá Fi Ń Kún?

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó jẹnẹrétọ̀ ti ga ju agbára ọ̀pọ̀ wa lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ta ẹja dídì, àwọn ọlọ́lọ̀ àgbàdo àti àwọn tó ń ṣe omi inú ọ̀rá fi ń béèrè owó yíyá láti ra bátìrì lítíọ́ọ̀mù ńláńlá tí ń tọ́jú iná pamọ́. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n bátìrì tí kò ráyè kún kò yàtọ̀ sí àpótí òfìfo. Bí ẹja bá yọ́ tó sì bàjẹ́, gbèsè ẹgbẹ́ ṣì wà nílẹ̀, onígbọ̀wọ́ ni a ó sì dì mú. Ìdí ẹ̀kọ́ oṣù yìí nìyẹn.

1. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀

Yúnìtì tí ẹ ń rà sínú mítà, òun náà ni a fi ń wọn iná tí bátìrì lè gbà. Kílówáàtì ni a fi ń wọn bí iná ṣe ń yára wọlé. Bí kílówáàtì 1 bá wọlé fún wákàtí 1, yúnìtì 1 nìyẹn. Ẹ fi kílówáàtì pín yúnìtì, ẹ ó rí iye wákàtí.

Ẹ wo bátìrì tó ń gba yúnìtì 100. Bí kílówáàtì 50 bá ń wọ inú rẹ̀, wákàtí 2 ni yóò fi kún. Bó bá jẹ́ 20, wákàtí 5. Bó bá jẹ́ 10, wákàtí 10. Bátìrì kan náà ni o! Nítorí náà, bí ẹni tó ń tà á bá ní wákàtí méjì péré ni, ẹ bi í pé: pẹ̀lú kílówáàtì mélòó?

2. Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta

Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ni iná ń gbà kọjá: ibi tí iná ti ń wá, ìnfátà tó ń fi ṣáájì sí bátìrì, àti bátìrì fúnra rẹ̀. Èyí tó há jù nínú wọn ló ń pàṣẹ. Ẹni tó ń rọ epo pupa sínú kẹ́ẹ̀gì mọ̀ pé bí garawa ti wù kó tóbi tó, ihò àrọ ni epo yóò gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ bátìrì lítíọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́ ni ìwé wọn sọ pé kí a má ṣe fi ju ìdajì ohun tí wọ́n ń gbà sí i láàárín wákàtí kan. Òmíràn lè gba gbogbo rẹ̀ ní wákàtí kan. Ẹni tó bá kọjá ohun tó wà nínú ìwé ń dín ọjọ́ ayé bátìrì kù, ó sì lè fa iná ilé. Bó bá sì kù díẹ̀ kó kún, fúnra rẹ̀ ni yóò rọra máa gbà, bí a ṣe ń rọra da epo nígbà tó bá dé ọrùn kẹ́ẹ̀gì.

3. Ohun tó ń jẹ lójú ọ̀nà

Ká ní yúnìtì 20 ló ṣẹ́ kù nínú bátìrì 100 yẹn, 80 la fẹ́ fi kún un. Kílówáàtì 30 ń wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń dì ẹja ń jẹ 10 lọ́wọ́ kan náà. 20 péré ló dé ọ̀dọ̀ bátìrì: wákàtí 4 nìyẹn. Iná díẹ̀ sì máa ń di ooru tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Bí a bá ka ìyẹn sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, ó di nǹkan bíi wákàtí 4 àbọ̀.

4. Ṣé iná yóò dúró tó bẹ́ẹ̀?

Nínú ètò tí àjọ NERC gbé kalẹ̀ lọ́dún 2020, àdúgbò Band A yẹ kó rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, Band C wákàtí 12, Band E wákàtí 4. Ará Band E kò lè fi iná NEPA nìkan kún bátìrì tí a ṣírò yìí, àgàgà nígbà tí wákàtí 4 náà kì í wá lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ń lo sólà, kó rántí pé òjò àti ìkùukùu ń dín in kù. Oṣù òjò ni kó fi ṣe ìṣirò, kó má fi ti ẹ̀ẹ̀rùn ṣe é.

5. Ibi tí a ó gbé e sí

Bí ooru bá mú bátìrì jù, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ ọ yóò dín ṣáájì kù, wákàtí yóò sì gùn. Ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ má sì gbé e sínú yàrá yìnyín o: bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó tutù dé ìwọ̀n tí omi fi ń dì kò gbọdọ̀ gba ṣáájì, inú rẹ̀ yóò bàjẹ́.

Iṣẹ́ fún ìpàdé

Bátìrì kan ń gba yúnìtì 60, 10 ló ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Kílówáàtì 25 ń wọlé, ẹ̀rọ ìlọta ń jẹ 15. Wákàtí mélòó ni yóò fi kún? Ẹ má gbàgbé èyí tó ń ṣòfò. Ẹ mú ìdáhùn wá. Ẹni tó bá sì fẹ́ yá owó bátìrì, kó kọ irú ìṣirò yìí nípa ti iṣẹ́ tirẹ̀, kó fi han àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé.