ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Sáfà kan tí wọ́n gbàgbé

Sáfà ni kọ̀ǹpútà tó ń dá kọ̀ǹpútà àwọn oníbàárà lóhùn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ Knight Capital ní Amẹ́ríkà pàdánù ohun tó lé ní mílíọ̀nù 440 dọ́là láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí: sáfà mẹ́jọ ló yẹ kí wọ́n gbé ètò kọ̀ǹpútà tuntun sí. Méje ni wọ́n gbé e sí. Lórí ẹ̀kẹjọ, ètò àtijọ́ tají, ó ń ra ìpín ìdókòwò, ó ń tà á, kò dáwọ́ dúró.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí:
• Kọ́kọ́ dán ètò tuntun wò lórí sáfà kan.
• Yẹ gbogbo sáfà wò lọ́kọ̀ọ̀kan.
• Pa ètò tí a kò lò mọ́ rẹ́.
• Mọ bí wàá ṣe dá iṣẹ́ dúró kíákíá.