Ta Ni Kí A Kọ́kọ́ Gbé? Ẹ̀kọ́ Lórí Àìṣègbè Nígbà Jàǹbá

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2021, iná jó ọjà ńlá àárín ìlú Sokoto. Irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ní Kasuwar Kara ní ọ̀sán gangan, nígbà tí Hausa, Fúlàní, Yorùbá àti Ígbò bá kún ibẹ̀. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ta ni a ó kọ́kọ́ gbé lọ sí ilé ìwòsàn?

Ìṣe ènìyàn ni kí olúkúlùkù gbé ìbátan rẹ̀, tàbí kí a sáré bá ẹni tí ó ń ké jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ké ṣì ní èémí. Ẹni tí ó dákẹ́ lè ti sún mọ́ ikú.

Ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, Matt Welsh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní CodeBlue, ní ohun tí ó lé ní ogún ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀rọ kékeré tí a fi há ìka aláìsàn ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, ó sì ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Láìlo wáyà, ẹ̀rọ kan ń ta ìròyìn sí èkejì títí yóò fi dé kọ̀ǹpútà ọwọ́ olùtọ́jú. Báyìí ni olùtọ́jú kan ṣe lè máa ṣọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ náà kì í béèrè ẹ̀yà, èdè tàbí ipò.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ ní ààlà. Èéfín iná ní gáàsì carbon monoxide nínú, ẹ̀rọ ìka tí ó wọ́pọ̀ sì máa ń kà á mọ́ ọ́síjìn. Nítorí náà, ẹni tí ó fa èéfín símú gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn, bí iye tí ẹ̀rọ kà tilẹ̀ dára. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ojú ènìyàn àti ẹ̀rọ ni yóò jọ ṣiṣẹ́.

Kò dìgbà tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá dé ọjà kí ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé ìlànà àwọn olùtọ́jú. Àmì pupa wà fún ẹni tí kò lè dúró rárá. Àwọ̀ ìyeyè fún ẹni tí ó lè dúró díẹ̀. Àwọ̀ ewé fún ẹni tí ó lè rìn. Dúdú fún ẹni tí ẹ̀mí ti bọ́ tàbí tí ìtọ́jú kò lè gbà là mọ́. Kí ẹgbẹ́ yan àwọn tí yóò kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ nọ́ńbà 112, kí ìsọ̀ má sì dí ọ̀nà ọkọ̀ áńbúláǹsì.

Èyí tí ó ṣòro jù ni gbígbà pé àjèjì tí ó gba àmì pupa yóò ṣáájú ọmọ ìyá ẹni tí ó gba àwọ̀ ewé. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ ọmọlúàbí.

Fún ìjíròrò:
1. Ta ni yóò pín àmì ní ọjà wa, ta ni a sì lè fọkàn tán pé kò ní ṣègbè?
2. Ọ̀nà wo ni ọkọ̀ áńbúláǹsì lè gbà wọlé lónìí?