Ẹ Má Fi Ọwọ́ Ara Yín Sún Ọjọ́ Abẹ́rẹ́ Ojú

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gba abẹ́rẹ́ sójú nítorí àrùn ẹ̀yìn ojú tí ọjọ́ ogbó ń fà, àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń san owó rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ ti ń fo oṣù. Ẹ ti ń sọ pé ó di oṣù tó ń bọ̀. Ẹ rò pé ọdún mẹ́wàá ni ewu ọ̀hún jìnnà sí yín. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ojú yẹn. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé. Àárín gbùngbùn rẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní mákúlà, la fi ń kàwé, òun la fi ń dá ènìyàn mọ̀. Bí oríṣi àrùn yìí tó ń jò bá débẹ̀, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í hù níbi tí kò yẹ kí wọ́n hù sí. Iṣan játijàti ni wọ́n. Wọ́n ń jo omi, wọ́n ń ṣẹ̀jẹ̀. Èròjà kan nínú ara, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ VEGF, ló ń ti iṣan wọ̀nyí lẹ́yìn. Oògùn inú abẹ́rẹ́ náà kàn ń di èròjà yìí lọ́wọ́ mú ni, kò pa á run. Tí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bá kọjá, oògùn á ti tán nínú ojú. Iṣan á tún jò. Omi á tún gbé awọ náà sókè. Ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀ lé omi, àpá á tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀. Ojú tó bá ti di àpá kò gba abẹ́rẹ́ mọ́, kò gba iṣẹ́ abẹ, kò gba gíláàsì. Ẹ̀pa kò bóró mọ́ nìyẹn.

“Mo ti ń ríran dáadáa, kí ni mo tún ń gba abẹ́rẹ́ fún?” Ẹ jọ̀ọ́, kí ló mú kí ẹ máa ríran? Oògùn tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ yẹn náà ni!

Wọ́n ti dán dídín abẹ́rẹ́ kù wò, ó sì ti já kulẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n pè ní MARINA, oṣooṣù ni wọ́n ń fún àwọn aláìsàn ní Lucentis, ọ̀kan nínú àwọn oògùn abẹ́rẹ́ yìí. Nígbà tí ọdún kan pé, àwọn aláìsàn náà ń ka bíi lẹ́tà 7 kún èyí tí wọ́n ń kà tẹ́lẹ̀ lórí pátákó àyẹ̀wò. Nínú èyí tí wọ́n pè ní PIER, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n fi gba abẹ́rẹ́ lóṣooṣù. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta fún gbogbo wọn. Kí ọdún tó pé, gbogbo èrè ìbẹ̀rẹ̀ ti dànù. Wọ́n padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún wá àwọn kan nínú àwọn aláìsàn tó ti wà nínú ìwádìí Lucentis kàn ní nǹkan bí ọdún méje lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, tí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbà ti dínkù gan-an, ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ti pàdánù lẹ́tà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2020, tí kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, àwọn tó fo abẹ́rẹ́ ní Ítálì àti ní Bìrìtìkó padà sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ojú tó ti bàjẹ́ sí i. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́. Ojú ọ̀pọ̀ wọn kò padà sí bó ṣe wà.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ti gbọ́ pé oògùn tuntun ti dé. Òótọ́ ni. Vabysmo dé ní 2022, Eylea HD dé ní 2023, àwọn kan sì lè fi ọ̀sẹ̀ 16 jìnnà sí abẹ́rẹ́. Àwọn kan ni mo wí. Nínú ìwádìí Vabysmo, bíi 45 nínú ọgọ́rùn-ún ló dé ọ̀sẹ̀ 16. Bí ìdá kan nínú márùn-ún ni kò lè kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Èwo ni tiyín? Àwòrán ẹ̀yìn ojú tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ OCT yà nìkan ló lè sọ. Dókítà á yà á. Bí ó bá gbẹ, ó lè fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un. Bí ó bá tún gbẹ, ó tún lè fi méjì sí i. Bí omi bá yọjú, ó di dandan kó dá ọjọ́ padà sẹ́yìn. Bí a ṣe ń dín abẹ́rẹ́ kù nìyẹn, tí ojú kò fi ní fọ́. Ẹ̀yin wá ń dín in kù láìwo nǹkan kan, nítorí pé ọmọ kò tíì fi owó ránṣẹ́.

Àwọn tó ń ṣe oògùn gan-an ti jìyà ìkánjú láti dín abẹ́rẹ́ kù. Oògùn Beovu dé ní 2019 pẹ̀lú ìlérí pé abẹ́rẹ́ kan lè tó fún oṣù mẹ́ta. Kí 2020 tó dé ìdajì, wọ́n ti ń kìlọ̀ pé ó lè mú kí iṣan ẹ̀yìn ojú wú kó sì dí. Susvimo, ike kékeré tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ rì mọ́ ẹyinjú kí oògùn lè máa kán díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, gba àṣẹ ní 2021. Ní 2022 ni wọ́n kó o kúrò lọ́jà, kí wọ́n tó tún un ṣe padà.

Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà yín. Mi ò bá yín wí. Ṣùgbọ́n wọ́n á kán oògùn tí kò ní jẹ́ kó dùn yín, wọ́n á fi ayodíìnì fọ ojú, kí ẹ tó mí lẹ́ẹ̀mejì, abẹ́rẹ́ ti jáde. Bí ojú bá wá pọ́n, tó ń ro yín, tí ìríran sì ń dínkù lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ padà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Kòkòrò lè ti wọlé. Ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ kì í dúró de ọ̀la.

Owó ni ìṣòro? Ẹ sọ fún dókítà, ẹ má sá. Ìwádìí CATT ti fi hàn láti 2011 pé Avastin, oògùn jẹjẹrẹ tí owó rẹ̀ kéré gan-an, ń ṣe ojú bí Lucentis ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó kàn ń pín in sínú síríńjì kiri. Ní Punjab ní Pakistan, ní 2023, irú Avastin bẹ́ẹ̀ fọ́ ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ìtọ́jú ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ wá sílé fún ìsìnkú, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di oṣù mẹ́rin: ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà yín kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ yìí ní Ìbàdàn, wọ́n ń gún un ní Èkó. Ẹ má sì sọ fún mi pé àrùn òyìnbó ni. Ó wọ́pọ̀ lára wọn jù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oríṣi kan wà tí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń wú kókókó, obìnrin aláwọ̀ dúdú sì pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ rí i lára wọn.

Láràárọ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, kí ẹ fi èkejì wo irin ojú fèrèsé. Irin tó tọ́ gbọ́dọ̀ tọ́. Ẹ pààrọ̀ ọwọ́. Ẹ wo ọmọ yín: ṣé gèlè àti yẹtí rẹ̀ nìkan lẹ rí, tí imú àti ẹnu rẹ̀ di òjìji? Ẹ má fi ojú méjèèjì wò ó lẹ́ẹ̀kan náà o, nítorí ojú tó dá máa ń bo àṣírí èkejì títí yóò fi fọ́. Bí irin bá tẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ìwọ ọmọ tó ń ka èyí, wo káàdì ilé ìwòsàn ìyá rẹ lónìí. Bí ọjọ́ tó wà níbẹ̀ bá ti kọjá, pè wọ́n báyìí.