KÌ Í ṢE ETÍKUNKUN

Nínú kíláàsì Yorùbá, wọ́n kọ́ wa ní ibi ìsẹ́nupè: àjà ẹnu la fi ń pe y, àfàsé la fi ń pe k àti g. Lónìí mo fẹ́ sọ ohun tí àjà àti àfàsé ní í ṣe pẹ̀lú etí, torí ọ̀rọ̀ náà kan ilé wa.

Wọ́n bí àbúrò mi ọkùnrin pẹ̀lú àjà ẹnu tó là. Dókítà ti rán an kó tó pé ọmọ ọdún méjì. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń dàgbà, téèyàn bá pè é látẹ̀yìn, kì í dáhùn. A ní ó ń kọ etí ikún sí wa ni. Nígbà ọlidé kan, mo rán an níṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò lọ, mo bá gbá a létí. Ìgbà tí màmá wa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú etí ni wọ́n rí i pé omi ló kún inú ẹ̀. Etí tí kò gbọ́ràn dáadáa náà ni mo gbá.

Kí ló gbé omi débẹ̀?

Lẹ́yìn awọ etí, ihò kékeré kan wà tí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọ̀. Eegun mẹ́ta tó so kọ́ra ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan dà bí òòlù, ọ̀kan dà bí owú alágbẹ̀dẹ, ìkẹta dà bí irin tí àwọn ẹlẹ́ṣin tí à ń rí níbí lọ́jọ́ Iléyá máa ń ki ẹsẹ̀ bọ̀. Ìkẹta yìí ló kéré jù nínú gbogbo eegun ara, nǹkan bíi mìlímítà 3 péré. Inú oyún ni gbogbo wọn ti ń dàgbà. Nígbà tí wọ́n bá fi máa bí ọmọ, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àgbàlagbà. Àwọn ló ń gbé ìró wọ inú etí lọ.

Ọ̀nà tóóró kan ti ihò yẹn lọ sí ẹ̀yìn imú. Ẹ gbé itọ́ mì wàyí. Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan tó dún "pọ́" létí yín? Iṣan kan ní àfàsé ló fa ọ̀nà náà ṣí kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Tí àjà bá là, iṣan yìí kò rí ibi gidi dì mú. Ọ̀nà kò ní ṣí dáadáa, afẹ́fẹ́ inú ihò á dín kù, omi á sun jọ síbẹ̀, nígbà míì á ki bí àtè. Awọ etí àti àwọn eegun náà kò ní lè mì bó ṣe yẹ. Tí àìsàn náà bá pẹ́, ó lè jẹ eegun wọ̀nyí. Eegun ẹ̀yìn etí náà, tó yẹ kó máa ní ihò afẹ́fẹ́ bí afárá oyin bí ọmọ ṣe ń dàgbà, lè má ní in tó.

Ìdí nìyí tí rírán àjà nìkan kì í fi í tó nígbà míì. Ó yẹ kí wọ́n máa yẹ etí ọmọ náà wò déédéé. Wọ́n lè fi ike kékeré oníhò sínú awọ etí kí afẹ́fẹ́ máa gbabẹ̀ wọlé. Tó bá yá, á jábọ́ fúnra ẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún àbúrò mi nìyẹn. Fún iṣẹ́ abẹ àjà ẹnu, Smile Train máa ń sanwó ẹ̀ ní àwọn ọsibítù kan ní Nàìjíríà, láìgba owó lọ́wọ́ òbí.

Ní báyìí, tí mo bá pè é láti kíṣìnì, ó ń dáhùn, pàápàá tó bá gbọ́ pé ẹran ni. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, tí jùníọ̀ kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì bá ń ránmú sọ̀rọ̀, tàbí tí kò dáhùn nígbà tí ẹ pè é, ẹ má fi ṣẹ̀sín, ẹ má sì sáré ní kó kúnlẹ̀. Ẹ lọ síwájú ẹ̀, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú ná.

Ìbéèrè:
1. Ibo ni iṣan tó ń ṣí ọ̀nà etí wà?
2. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí àwọn eegun etí jọ.
3. Kí ló dé tí omi fi ń sun jọ sínú etí ọmọ tí àjà ẹnu ẹ̀ là?