Wíìsìtì: Eré Káàdì Ẹni Méjì sí Ẹni Méjì

Ìlú Jos ga tó nǹkan bí mítà 1,200 ju ojú òkun lọ, nítorí náà òtútù tó ń mú wa ní Katako níhìn-ín kì í ṣe irú èyí tí àwọn ará ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà mọ̀. Bí àgbàdo bá ti wọlé, tí ànàmọ́ òyìnbó tí a gbìn nígbà òjò sì ti kúrò nínú ilẹ̀, ilẹ̀ a tètè ṣú, alẹ́ a máa gùn, káàdì a sì jáde.

Ìjà náà a sì bá a jáde. Nǹkan méjì ní ń fa ìjà nídìí káàdì: owó àti èébú. Ti owó kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹni tó bá fi owó ajílẹ̀ ta káàdì ní oṣù kejìlá, kí ni yóò fi sí ìdí àgbàdo ní oṣù kẹfà? Ẹ má fi kọ́bọ̀ kan sí i. Ti èébú ni mo fẹ́ kí a bá wí lónìí, nítorí pé eré kan wà tí ènìyàn kò lè ta dáadáa bí kò bá mọ bí a ti ń fara da ẹnìkejì.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ Whot. Ará Ìlú Ọba kan, William Storey, ló ṣe é jáde ní 1935, ṣùgbọ́n Nàìjíríà ni ó wá fi ṣe ilé. Nínú Whot, olúkúlùkù ló ń ta fún ara rẹ̀. Bí o bá fi 14 rán gbogbo ilé lọ sí ọjà, ayọ̀ rẹ ni. Wíìsìtì kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin ló ń ta á, méjì jẹ́ apá kan, méjì jẹ́ apá kejì, àwọn tó wà ní apá kan náà sì jókòó dojú kọ ara wọn. Bí ẹ bá borí, ẹ̀yin méjèèjì ni. Bí ẹ bá sì pàdánù, ẹ̀yin méjèèjì náà ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn, nítorí ó rọrùn láti wí pé ẹnìkejì ẹni ló ba eré jẹ́.

Eré àtijọ́ ni. Ní 1742 ni Edmond Hoyle tẹ ìwé kékeré kan jáde ní London lórí bí a ṣe ń ta á, láti inú rẹ̀ sì ni eré tí wọ́n ń pè ní bridge ti jáde nígbà tó yá. Bridge le jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ wíìsìtì ti gun ìdajì òkè náà.

Páálí káàdì lásán tí wọ́n ń tà lọ́jà ni a ó lò, káàdì 52, kí ẹ yọ jókà kúrò. Ìdílé mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní káàdì 13. Háàtì ni èyí tí a ya ọkàn pupa sí. Dáyámọ́ǹdì pupa náà ni, ṣùgbọ́n onígun mẹ́rin ni. Kílọ́ọ̀bù dúdú, ó dà bí ewé mẹ́ta tó so pọ̀. Sípéèdì dúdú pẹ̀lú, ó dà bí ewé kan ṣoṣo tí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sókè. Nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan, Éèsì ni àgbà pátápátá, Kíǹgì tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà Kúìnì, lẹ́yìn náà Jáàkì, lẹ́yìn náà 10, 9, títí dé 2 tí í ṣe àbíkẹ́yìn.

Ti tábìlì ńkọ́? Pákó ni ìtumọ̀ Katako ní èdè Hausa, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò yìí wí pé òun kò rí pákó kan tábìlì. Kí ẹ gbé e sínú ilé, nítorí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kò mọ káàdì ẹnìkan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá ń pín káàdì yóò bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òsì rẹ̀, yóò máa fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí olúkúlùkù yóò fi ní 13. Káàdì tó gbẹ̀yìn, tí í ṣe ti òun fúnra rẹ̀, ni yóò ṣí sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn rí i. Ìdílé káàdì yẹn ni ọ̀gá fún ìpín náà. Bí ó bá jẹ́ 4 sípéèdì, sípéèdì ni ọ̀gá, àní 2 sípéèdì lè pa Éèsì háàtì. Nígbà tí ó bá kan ẹni tó pín káàdì láti jù fún ìgbà àkọ́kọ́ ni yóò mú káàdì tó ṣí náà sọ́wọ́.

Ẹni tó wà ní òsì ẹni tó pín ni yóò kọ́kọ́ ju káàdì kan, èyí tó bá wù ú. Àwọn mẹ́ta yòókù yóò tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Òfin kan ni kò ṣe é yẹ̀: bí o bá ní ìdílé tí a kọ́kọ́ jù, dandan ni kí o ju ọ̀kan nínú rẹ̀. Bí o kò bá ní i ni o tó lè fi ọ̀gá pa á, tàbí kí o ju èyíkéyìí dànù. Káàdì tó ga jù nínú ìdílé tí a kọ́kọ́ jù ló borí, àyàfi bí ọ̀gá bá wà níbẹ̀. Nígbà náà, ọ̀gá tó ga jù ló borí. Ẹni tó borí yóò kó káàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ó sì máa pe èyí ní ìkó kan. Òun náà ni yóò kọ́kọ́ jù fún ìkó tó tẹ̀lé e.

Ìkó 13 ló wà nínú ìpín kan. Mẹ́fà àkọ́kọ́ tí apá kan bá kó kò ní máàkì. Láti orí ìkeje ni máàkì ti ń bẹ̀rẹ̀, ìkó kan, máàkì kan. Bí ẹ bá kó 9, máàkì 3 ni ẹ ní. Àwọn kan ń parí eré ní máàkì 5, àwọn mìíràn ní 7. Kí ẹ fẹnu kò sí ọ̀kan kí ẹ tó pín káàdì, kì í ṣe nígbà tí ẹnìkan bá ti dé orí 5.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè kọ́ gbogbo èyí ní alẹ́ kan. Ohun tó ń gba ọjọ́ púpọ̀ ni bí ẹni méjì tí kò gbọdọ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀ yóò ṣe mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ara wọn. Káàdì tí o bá jù ni ọ̀rọ̀ rẹ. Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan dáadáa, ẹ tẹ́ káàdì sílẹ̀ kí ẹ máa bá mi lọ.

Ẹ pe àwọn mẹ́rin náà ní Àríwá, Ìlà-Oòrùn, Gúúsù àti Ìwọ̀-Oòrùn. Àríwá àti Gúúsù ló jẹ́ apá kan. Háàtì tó wà lọ́wọ́ Àríwá ni Éèsì, 10, 8 àti 5. Ìlà-Oòrùn ní 9, 6 àti 2. Gúúsù ní Kúìnì, Jáàkì àti 3. Ìwọ̀-Oòrùn ní Kíǹgì, 7 àti 4. Háàtì kọ́ ni ọ̀gá.

Àríwá ló kọ́kọ́ jù. Háàtì ni ìdílé tó pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ju 5, ìyẹn ìkẹrin láti òkè. Àṣà àwọn tó mọ wíìsìtì ni pé ìkẹrin láti òkè nínú ìdílé tó pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹni ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹnìkejì lè ṣe ìṣirò. Ìṣirò náà nìyí: ẹ yọ 5 kúrò nínú 11, ó ku 6. Káàdì mẹ́fà tó ju 5 lọ ló wà lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta yòókù. Gúúsù rí méjì lọ́wọ́ ara rẹ̀, nítorí náà mẹ́rin péré ló wà lọ́wọ́ àwọn alátakò. Ẹ kà wọ́n: Kíǹgì, 9, 7, 6. Mẹ́rin géérégé! Èmi fẹ́ràn ìṣirò yìí ju ohunkóhun mìíràn lọ nínú eré náà.

Ìlà-Oòrùn ju 2, nítorí pé ẹni kejì a máa ju kékeré, kí ó lè fi àgbà pamọ́. Ó wá kan Gúúsù. Ẹni kẹta a máa ju ńlá, kí àwọn alátakò má baà kó ìkó náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n èwo ni kí ó jù, Kúìnì tàbí Jáàkì? Agbára kan náà ni wọ́n ní, nítorí pé ọwọ́ ẹnìkan náà ni wọ́n wà tí wọ́n sì tẹ̀lé ara wọn. Jáàkì ni kí ó jù. Ìwọ̀-Oòrùn yóò fi Kíǹgì pa á. Lójú ẹsẹ̀, Àríwá yóò rò ó pé: “Bí Ìwọ̀-Oòrùn bá ní Kúìnì, Kúìnì ni ìbá fi pa Jáàkì, kò ní ná Kíǹgì. Ó ṣeé ṣe kí Kúìnì wà lọ́wọ́ ẹnìkejì mi.” Bí Gúúsù bá ju Kúìnì, ohun tí ó sọ fún Àríwá ni pé òun kò ní Jáàkì, irọ́ ni, ẹni tirẹ̀ ni ó sì pa á fún.

Nígbà tí Gúúsù bá tún rí àyè kọ́kọ́ jù, yóò dá háàtì padà fún ẹnìkejì rẹ̀. Kúìnì ni yóò jù: Ìwọ̀-Oòrùn ju 4, Àríwá ju 8, Ìlà-Oòrùn ju 6, Kúìnì kó o. Lẹ́yìn náà ni 3: Ìwọ̀-Oòrùn ju 7, Àríwá fi Éèsì kó o, 9 Ìlà-Oòrùn sì jábọ́. Háàtì kan ṣoṣo ló kù, 10 tó wà lọ́wọ́ Àríwá. Bí ọ̀gá bá ti tán lọ́wọ́ àwọn alátakò, ìkó ni. Ìkó mẹ́ta nínú mẹ́rin láti ara ìdílé tí kò ní Kíǹgì.

Ẹnu kò gbọdọ̀ sọ ohun tó yẹ kí káàdì sọ. Ẹni tó ń wúkọ́ nígbà tí ó bá ní Éèsì, tí kì í wúkọ́ nígbà tí kò ní, olè ni, ẹ jẹ́ kí a pe é bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan ni òfin gbà. Bí ẹnìkejì rẹ kò bá tẹ̀lé ìdílé tí a jù, o lè bi í pé, “Bàbá, ṣé ẹ kò ní háàtì mọ́?” Ìbéèrè yìí ń gbani, nítorí pé ojú àgbà lè ṣì í, pàápàá lábẹ́ àtùpà. Ẹni tó bá ní tí kò tẹ̀lé, ìkó mẹ́ta ni òfin àtijọ́ ní kí wọ́n gbà lọ́wọ́ apá rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ to ìkó yín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan dùbúlẹ̀ lórí èkejì ní àgbélébùú, kí a lè tú u wò bí àríyànjiyàn bá dé.

Ní ti ìbáwí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá ẹnìkejì rẹ̀ wí títí ìkó 13 yóò fi pé. Bí ó bá pé, ẹ tẹ́ káàdì sílẹ̀ kí ẹ wò ó papọ̀. Ẹ ó rí i pé ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tí a fẹ́ bú ti sọ òótọ́ pẹ̀lú káàdì rẹ̀, àwa ni a kò gbọ́.

Ẹni tó bá ní ará ní Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu yóò rí irú eré yìí lọ́dọ̀ wọn, belote ni wọ́n ń pè é, ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ló ti wá. Ẹni méjì sí méjì ni, ṣùgbọ́n káàdì 32 péré ni wọ́n ń lò, láti 7 dé Éèsì. Ohun tó máa ń ya ará wa lẹ́nu níbẹ̀ ni pé Jáàkì ọ̀gá ló ju gbogbo káàdì lọ, 20 ni máàkì rẹ̀, 9 ọ̀gá sì tẹ̀lé e pẹ̀lú 14. Kí ẹ béèrè kí ẹ tó jókòó.

Bí tábìlì bá tó mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ibùdó, ọ̀nà kan wà tí àwọn ará abúlé ní Ìlú Ọba fi ń ta á láti kó owó jọ fún ìjọ wọn. Ìpín kan ṣoṣo ni wọn yóò ta ní tábìlì kan, àwọn tó borí yóò ṣí lọ sí tábìlì mìíràn, wọn yóò sì gba ẹnìkejì tuntun. Wọn kì í ṣí káàdì láti mọ ọ̀gá. Ọ̀gá ń yí láti orí háàtì sí kílọ́ọ̀bù, sí dáyámọ́ǹdì, sí sípéèdì, kí ó tó padà sí háàtì. Olúkúlùkù ló ń mú ìwé tirẹ̀ káàkiri, tí ó ń kọ iye ìkó tí ó kó sí i. Báyìí, ìyàwó ilé lè bá alága jókòó, àwọn méjì tí wọn kì í kí ara wọn lójú ọ̀nà oko sì lè bá ara wọn ní apá kan náà fún ìkó 13. Pẹ́ńsù kan ní tábìlì kọ̀ọ̀kan ti tó, kí ẹ sì kọ orúkọ sí ẹ̀yìn ìwé kí ó má baà pàrọ̀.