Níbo Ni Òkúta Náà Wọlẹ̀ Sí?

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin kà nípa kòtò ńlá kan lórí Mars tí wọ́n ń pè ní Jezero. Wọ́n ní òkúta tó já bọ́ láti ojú ọ̀run ló gbẹ́ ẹ, pé adágún omi sì wà nínú rẹ̀ nígbà kan rí. Ó wá ń bi mí pé níbo ni òkúta ọ̀hún wà, kí ló sì dé tí kòtò náà fi rí róbótó? Mi ò rí èsì fọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. — Ìyá Àdùkẹ́, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ìyá Àdùkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Àdùkẹ́ kọ́ ló kọ́kọ́ wá irú òkúta bẹ́ẹ̀ tì. Ní 1903, Daniel Barringer, onímọ̀ ìwakùsà kan, bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀ nínú irú kòtò bẹ́ẹ̀ ní Arizona, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó dá a lójú pé irin rẹpẹtẹ tó já bọ́ láti ojú ọ̀run ti rì síbẹ̀, òun yóò sì fi là. Ó gbẹ́ títí, owó tán, kò rí i. Ní 1929, ọdún tí Barringer kú gan-an, onímọ̀ ìràwọ̀ kan, F. R. Moulton, ṣe ìṣirò pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí Barringer ń wá ti di oru.

Bí ti Jezero náà ṣe rí nìyẹn. Òkúta òfúrufú kì í já wálẹ̀ bí àgbọn. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ó lè ti rin kìlómítà 10. Bó bá fi irú eré bẹ́ẹ̀ kanlẹ̀, púpọ̀ nínú agbára eré náà á di ooru lójijì, òkúta á yọ́, á di oru, ilẹ̀ á sì bú gbàù. Ìbúgbàù yẹn ló ń gbẹ́ kòtò. Bó ṣe ń ti ilẹ̀ lọ sápá ọ̀tún ló ń tì í lọ sápá òsì, nítorí náà ihò á rí róbótó bí òkúta tiẹ̀ wá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àfi èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha ilẹ̀ lọ nìkan ló ń gbẹ́ ihò gbọọrọ. Ìbúgbàù yìí náà ló ń jẹ́ kí kòtò fẹ̀ ju òkúta lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Jezero fẹ̀ tó kìlómítà 45. Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti adágún omi, ẹ̀rí kan wà tó dùn mọ́ mi jù. Àwòrán láti òfúrufú fi ipa odò méjì hàn tó wọ inú kòtò náà, àti ẹyọ kan tó jáde lápá ìlà-oòrùn. Omi ò lè gba ibẹ̀ jáde bí kòtò ò bá kún. Lápá ìwọ̀-oòrùn, amọ̀ àti iyanrìn tí odò kó wá ṣì tò ní ìpele-ìpele, ó sì ti ju bílíọ̀nù 3 ọdún lọ! Nílé ayé tiwa, òjò ìbá ti gbá a lọ tipẹ́.

Inú Jezero yìí ni rọ́bọ́ọ̀tì Perseverance balẹ̀ sí lọ́jọ́ 18 oṣù Kejì, 2021. Ní oṣù Keje, 2024, ó rí àpáta kan lójú odò àtijọ́ tó ń ṣàn wọ Jezero, tí àwọn àmì kéékèèké kún ara rẹ̀. Nílé ayé, àwọn kòkòrò àìfojúrí lè fa irú àmì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún lè ṣẹlẹ̀ láìsí ohun ẹlẹ́mìí kankan. Àwọn kan ti ń pariwo pé ọ̀rọ̀ ti yanjú, pé ohun ẹlẹ́mìí ti wà lórí Mars rí. Èmi ò tíì bá wọn pariwo. Rọ́bọ́ọ̀tì náà ti gé díẹ̀ lára àpáta ọ̀hún sínú ọ̀pá irin kékeré. Ó di ìgbà tí wọ́n bá gbé e délé ayé, kí wọ́n tó lè yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní.