Òkúta Inú Àpò Ìtọ̀: Ẹ Jẹ́ Kí Ojú Wa Ṣọ́ Ẹni Tí Kò Gbọ́ Ìrora

 

Láti Mọ́níyà dé Àkànrán, láti Ìyànà Ọ̀fà dé Ẹgbẹ́dá, a máa ń rí ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀pẹ, tàbí tí ọ̀kadà gbé ṣubú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn tó bàjẹ́ yìí náà ló ń darí àpò ìtọ̀. Nítorí pé ìtọ̀ kò lè jáde tán mọ́ ni wọ́n fi ń fi rọ́bà sí i.

Ìtọ̀ tó ṣẹ́kù sínú àpò àti rọ́bà tó pẹ́ lára ni kòkòrò fi ń ṣe ilé. Díẹ̀díẹ̀, iyọ̀ inú ìtọ̀ á di yanrìn, yanrìn á di òkúta. Ẹlòmíràn tí òkúta bá mú, ìrora ni yóò kọ́kọ́ ta á lólobó. Ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa lè má gbọ́ ìrora kankan títí kíndìnrín yóò fi bàjẹ́. Ojú ará ilé ló gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ tí ìrora ì bá ṣe.

Ohun tí ẹ ó máa wò nìyí:

1. Rọ́bà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ wo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó jù ú nù. Bí ohun funfun bí ẹfun tàbí yanrìn bá lẹ̀ mọ́ ọn, àmì tó lágbára ni. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Rọ́bà tó ń dí kí ọjọ́ ìpààrọ̀ tó pé náà jẹ́ àmì.

2. Ìtọ̀ tó dàrú bí omi ògì, tó ń rùn gan-an, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tàbí yanrìn wà nínú rẹ̀.

3. Àrùn ìtọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀. Àwa tí a wà nídìí oògùn ń rí ẹni tó ń ra oògùn apakòkòrò léraléra. Kòkòrò tó sá pamọ́ sínú òkúta, oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe páálí oògùn mìíràn.

4. Ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n tàbí tó ń le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí ìtọ̀ tó ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà.

Bí ọrùn tàbí òkè àyà ni ibi tó ti fara pa, tí ẹ̀fọ́rí líle bá dé lójijì, tí òógùn ń bò ó lójú, ewu ńlá ni: ìfúnpá rẹ̀ ti lè ga débi tí yóò fa rọpárọsẹ̀. Ẹ gbé e jókòó, ẹ tú aṣọ tó fún un, ẹ wò bóyá rọ́bà ká tàbí ó dí, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Síkáànù àpò ìtọ̀ ni kí ẹ béèrè fún, nítorí èkísíréè nìkan lè má rí òkúta náà. Nígbà mìíràn, dókítà ọ̀nà ìtọ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH yóò fi ẹ̀rọ tín-ín-rín wo inú rẹ̀. Ẹ má fi àgbo fa ọjọ́ sẹ́yìn.

Àwọn kan kì í mu omi tó nítorí wọn kò fẹ́ kí ìtọ̀ ba aṣọ ìrun wọn jẹ́. Omi tí kò tó wà lára ohun tó ń mú òkúta wá. Àfi bí dókítà bá ní kí ó dín in kù, kí ó mu tó líta méjì lóòjọ́, ìyẹn bíi píọ̀ wọ́tà mẹ́rin. Nígbà tí jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ Imran ọmọ Husayn lẹ́nu, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gbà á láyè láti kírun ní ìjókòó tàbí ní ìdùbúlẹ̀ bí kò bá lè dúró. Àwọn onímọ̀ sì ti ṣàlàyé pé ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ kò dúró yóò fọ ara rẹ̀ mọ́, yóò ṣe àlùwàlá nígbà tí àsìkò bá wọlé, yóò sì kírun. Ìtọ̀ tó jáde lẹ́yìn náà kò ba ìrun rẹ̀ jẹ́.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó sì san àwọn tó ń tọ́jú wọn lẹ́san rere. Àmín.